Ọmọ mi ní Míísà Yorùbá kì í ṣe Míísà: kí ni kí n ṣe?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ilé Àgùdà ni wọ́n bí mi sí, ilé Àgùdà náà ni mo sì fẹ́ sí. Ọmọkùnrin mi wà ní yunifásítì. Láti bí ọdún kan báyìí ló ti ń wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa Míísà Látìnì ayé àtijọ́, ó sì ti rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń lọ síbi tí Fádà kan ti ń ṣe é. Nígbà tó wálé fún ọdún Àjíǹde, ó ní òun kò bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó ní ìlù àti ijó tí à ń gbé lọ síwájú pẹpẹ, ìbọ̀rìṣà ni. Ó ní Míísà Látìnì nìkan ṣoṣo ló wà láti ayé àwọn Àpọ́sítélì, kí àpérò àwọn Bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pè ní Vatican Kejì tó pa Látìnì. Ó ní Míísà tí Fádà bá kọjú sí èèyàn ṣe ti di ti Pùròtẹ́sítáǹtì, pé ẹ̀ṣẹ̀ sì ni kéèyàn fi ọwọ́ gba Kọmúníọ̀n. Bàbá rẹ̀ bínú, ó ní kó má wọ ilé òun mọ́ títí orí rẹ̀ á fi wálé. Ṣé lóòótọ́ ni pé Míísà tí mo ti ń lọ látìgbà tí mo ti gbọ́n kò jámọ́ nǹkan? Ṣé kí n já ọmọ náà gbà lọ́wọ́ wọn ni, àbí kí èmi náà bá a lọ?"

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń gbé yín lọ́kàn jù. Míísà tí ẹ ń lọ látìgbà tí ẹ ti gbọ́n, Míísà ni. Ẹbọ Kristi ni, Ara àti Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ẹ sì ń gbà níbẹ̀. Kò sí Póòpù kan tó sọ ohun mìíràn, yálà èyí tó fẹ́ràn Látìnì ni o tàbí èyí tí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fi ọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Lẹ́tà yín fi hàn mí pé Látìnì gan-an kọ́ ló ń dùn yín. Ohun tó ń dùn yín ni pé ọmọ tí ẹ gbé lọ sí ibi ìrìbọmi ló dìde tó ń sọ fún yín pé àdúrà tí ẹ fi tọ́ òun, àdúrà òfo ni, àti pé Míísà tí wọ́n fi sin àwọn òbí yín náà kò ka. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí ọmọ yín sọ, irọ́ wà níbẹ̀, òótọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá da méjèèjì nù pọ̀, ẹ ó pàdánù rẹ̀.

Irọ́ àkọ́kọ́ ni pé Míísà kan ṣoṣo, ní èdè kan ṣoṣo, ló wà láti ayé àwọn Àpọ́sítélì títí di ìgbà tí àwọn kan wá bà á jẹ́ ní ọdún 1960 sí 1970. Ní Róòmù fúnra rẹ̀, èdè Gíríìkì ni àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ fi ń gbàdúrà, kó tó di pé Látìnì gba ipò rẹ̀ pátápátá ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin. Títí di òní, ọmọ Ìjọ Àgùdà tòótọ́ ni àwọn Kátólíìkì ìhà Ìlà Oòrùn tí wọn kò fi Látìnì ṣe Míísà rí. Lẹ́yìn àpérò àwọn Bíṣọ́ọ̀bù ní ìlú Trent ni Póòpù Pius Karùn-ún gbé ìwé Míísà tí wọ́n ń pè ní ti àtijọ́ jáde, ní 1570. Òun náà sì fi àyè sílẹ̀ fún ètò ìsìn tó bá ti lé ní igba ọdún, irú èyí tí wọ́n ń lò ní Milan àti láàárín àwọn Fádà ẹgbẹ́ Dominican. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń tún ìwé yẹn ṣe. Pius Kejìlá tún ètò Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ṣe ní 1955, John Kẹtàlélógún fi orúkọ Jósẹ́fù Mímọ́ kún àdúrà ńlá Míísà, èyí tí Fádà fi ń ya búrẹ́dì àti wáìnì sí mímọ́, ní 1962. Ẹ̀dà ti 1962 yìí sì ni àwọn tó wà nínú fídíò ọmọ yín sábà máa ń lò.

Mo fẹ́ kí ọmọ yín mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi tẹ́ńbẹ́lú Míísà Látìnì. Òun ló gbé ìgbàgbọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Fádà Borghero ti SMA, ẹgbẹ́ àwọn Fádà ajíhìnrere nílẹ̀ Áfíríkà, tó gúnlẹ̀ sí Ouidah ní ilẹ̀ Benin òní ní 1861, tó sì dé Èkó ní 1863, Látìnì ló fi ṣe Míísà fún àwọn tó ti Brazil padà wá, àwọn tí katikíìsì kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio ti ń kó jọ gbàdúrà ṣáájú kí Fádà kankan tó wá gbé láàárín wọn. Katikíìsì àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ ti ṣe ọmọ pẹpẹ láyé Látìnì. Bí ẹ bá kan sọ fún un pé "Introibo ad altare Dei" (Èmi yóò lọ síbi pẹpẹ Ọlọ́run), ẹnu rẹ̀ á ti gbà á: "Ad Deum qui laetificat juventutem meam" (sọ́dọ̀ Ọlọ́run tó ń mú ìgbà èwe mi yọ̀), á sì máa bá a lọ títí á fi parí Confiteor, àdúrà ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, láì mí. Ó sọ fún mi pé bí Fádà bá ti ń ka àdúrà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nídìí pẹpẹ, àwọn ìyá á máa fa ìlẹ̀kẹ̀ Rosárì wọn, àwọn bàbá á kúnlẹ̀ tí wọ́n á máa wo iwájú, tí agogo bá sì dún, gbogbo orí á tẹ̀ba. Ó ní àwọn kan ò mọ ohun tí Fádà ń sọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Ọlọ́run ti dé. Ó tún ní nígbà tí òun kọ́kọ́ gbọ́ ìwé Ìhìnrere ní Yorùbá láti ẹnu Fádà níwájú pẹpẹ, omi bọ́ lójú òun. Ọkùnrin kan náà ló sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì, kò sì rí ìjà kankan láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àpérò Vatican Kejì, nítorí orúkọ rẹ̀ ni tọ̀tún tòsì ń fi jà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1963, àwọn Bíṣọ́ọ̀bù dìbò lórí ìwé ètò ìsìn: 2,147 fara mọ́ ọn, 4 péré ló kọ̀. Ìwé náà kò pa Látìnì rẹ́. Ó ní kí wọ́n pa á mọ́, kí wọ́n sì fàyè gba èdè ìbílẹ̀ sí i. Ó ní kí àwọn ọmọ ìjọ lè kọ ipa tiwọn nínú Míísà ní Látìnì. Ó ní orin Gregory, orin ìsìn Látìnì àtijọ́, ni kó gba ipò iwájú. Kò sọ níbì kankan pé kí Fádà yí padà kọjú sí àwọn èèyàn. Ìwé mìíràn ní 1964 ló wá ní kí wọ́n yọ pẹpẹ kúrò lára ògiri kí èèyàn lè rìn yí i ká, kó sì ṣeé ṣe láti kọjú sí àwọn èèyàn. Lẹ́yìn náà ni Póòpù Paul Kẹfà fọwọ́ sí ìwé Míísà tuntun ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 1969, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ọmọ yín tó ní Vatican Kejì pa Látìnì ṣi ìwé náà kà. Bàbá tó bá ní Vatican Kejì ti lé Látìnì lọ, kí ọmọ sinmi ariwo, òun náà ṣì í kà. Nínú ìjọ wa gan-an, kí ni akọrin ń kọ níbi Ìbùkún bí kò ṣe orin Látìnì Tantum Ergo? Mélòó nínú àwọn ìjọ wa ni kò mọ Kyrie àti Gloria inú Missa de Angelis lórí? Látìnì kò tíì kúrò nílé wa.

Ní ti pé Fádà kọjú sí èèyàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù bà yín. Láyé àtijọ́, kì í ṣe pé Fádà kẹ̀yìn sí ìjọ. Òun àti ìjọ jọ kọjú sí ibì kan náà ni, sí ìlà oòrùn, níbi tí wọ́n ti ń retí ìpadàbọ̀ Olúwa. Ìtumọ̀ tó jinlẹ̀ ni, ó sì dùn mí pé a kò kọ́ àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì Peteru Mímọ́ ní Róòmù, níbi tí ẹnu ọ̀nà ti wà ní ìhà ìlà oòrùn, Póòpù tó bá dúró nídìí pẹpẹ ńlá tó kọjú sí ìlà oòrùn ti kọjú sí èèyàn nìyẹn, ó sì ti ń rí bẹ́ẹ̀ kí Luther, aṣáájú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, tó dáyé. Ohun tí ń bẹ níbẹ̀ kì í ṣe ti Pùròtẹ́sítáǹtì. Àdúrà ńlá àtijọ́ tí ọmọ yín fẹ́ràn ṣì wà nínú ìwé tuntun, òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ tò síbẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀pọ̀ Fádà kì í lò ó nítorí pé ó gùn.

Ọ̀rọ̀ ìlù ni mo fẹ́ dúró lé, torí òun ló kàn wá jù. Ìwé 1963 yẹn kan náà sọ pé níbi tí àwọn èèyàn bá ti ní orin tiwọn tó wọ inú ìgbésí ayé àti ẹ̀sìn wọn, kí wọ́n fún un ní ọ̀wọ̀ àti àyè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àpérò náà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní 1947, nígbà tí Míísà gbogbo ṣì wà ní Látìnì, àwọn Fádà SMA ọmọ Ireland, Kevin Carroll àti ẹnìkejì rẹ̀, dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Wọ́n pe Báńdélé, ọmọ Aréògún, láti ìdílé agbẹ́gilére. Lámídì Fákẹ́yẹ, tí òun jẹ́ Mùsùlùmí, kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbẹ́ àwọn Ọba Mẹ́ta nínú aṣọ Yorùbá, wọ́n fi aṣọ òkè ṣe ẹ̀wù Míísà. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé Fádà tó wọ ẹ̀wù aṣọ òkè yẹn, Látìnì ló ń kà. Ọwọ́ Yorùbá kò ba ẹbọ náà jẹ́.

Níbi ìlù yìí náà ni ọmọ yín ti lẹ́jọ́ rò, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà á fún un. Kí ni dùndún ń sọ nínú Míísà wa? Bí ó bá ń sọ pé "Olúwa mi àti Ọlọ́run mi," àdúrà ló ń gbà. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki alága àwọn bàbá ìjọ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, tí owó ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí onílù, tí ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ kan ń jáde tí tòmíràn ń wọlé, tí wọ́n ń ta àkùkọ ní gbàǹjo níwájú tábánákù, kí ni ká pe ìyẹn? Mo ti wà níbi tí Míísà ti gba wákàtí mẹ́ta, tí àdúrà ìyàsímímọ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá rí ìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó wá rí ibi tí gbogbo èèyàn ti dákẹ́ lórí eékún, kì í ṣe wèrè bó bá sá lọ síbẹ̀. Kádínà Francis Arinze, ọmọ ilẹ̀ wa, ló wà ní ipò olórí ètò ìsìn ní Róòmù nígbà tí wọ́n gbé ìwé Redemptionis Sacramentum jáde ní 2004. Ìwé yẹn sọ ọ́ gbangba pé Míísà kì í ṣe dúkìá Fádà tàbí ti ìjọ kan tí wọ́n lè máa fi kún, tí wọ́n lè máa yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí tó ṣiṣẹ́. Nínú ìjọ kan tí mo ti kọ́ àwọn akọrin, a bá àwọn onílù jókòó. A ní nígbà ọrẹ, kí àwọn ìyá gbé iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti epo wọn bọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, ìlù á máa tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn "Mímọ́, Mímọ́," kí ọwọ́ kankan má kan awọ mọ́. Bí Fádà bá gbé Ara Olúwa sókè, kí gángan kan ṣoṣo sọ gbólóhùn kan, "Olúwa mi àti Ọlọ́run mi," kó sì dákẹ́ títí di Àmín ńlá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Nígbà tó yá, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n ń dúró dè. Gbogbo ìdúpẹ́ àti gbàǹjo, a kó o síta lẹ́yìn ìbùkún ìkẹyìn. Owó kò dín kù.

Ti Kọmúníọ̀n kò gùn. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, wọ́n ń kọ́ àwọn tuntun ní Jerúsálẹ́mù pé kí wọ́n fi ọwọ́ òsì ṣe ìtẹ́ fún ọwọ́ ọ̀tún tó máa gba Ọba. Lẹ́yìn náà, nítorí ọ̀wọ̀ àti ìbẹ̀rù kí ẹyọ kan má bọ́ sílẹ̀, ahọ́n di àṣà gbogbo gbòò. Ní 1969 Póòpù Paul Kẹfà pa ti ahọ́n mọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó sì gba àwọn Bíṣọ́ọ̀bù láàyè láti tọrọ ti ọwọ́. Nítorí náà ẹni tó gbà á sọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i kò dẹ́ṣẹ̀. Ọmọ yín náà ní ẹ̀tọ́ láti gbà á sí ahọ́n níbikíbi, kò sì sí Fádà tó gbọ́dọ̀ lé e nítorí pé ó kúnlẹ̀. Ìwé 2004 yẹn sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan nínú ìjọ yín bá ti fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ rí, ẹni náà ló jẹ̀bi.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ bi í gan-an nìyí: ta ni Fádà yẹn? Nítorí kì í ṣe ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe Míísà àtijọ́. Àwọn kan ń ṣe é pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Bíṣọ́ọ̀bù, nínú ìrẹ́pọ̀ pátápátá pẹ̀lú Póòpù. Àwọn kan jẹ́ ti ẹgbẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Marcel Lefebvre dá sílẹ̀ ní 1970, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ti ṣiṣẹ́ ní Gabon tó sì ti jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Dakar. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1988, ó fi Bíṣọ́ọ̀bù mẹ́rin jẹ láìgba àṣẹ Róòmù. Ìwé tó kéde pé wọ́n ti yọ ara wọn kúrò nínú ìdàpọ̀ Ìjọ, Kádínà Bernardin Gantin, ọmọ ilẹ̀ Benin tó wà nítòsí wa níbí, ló fọwọ́ sí i. Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún gbé ìjìyà náà kúrò lórí àwọn mẹ́rin náà ní 2009, Póòpù Francis sì gba àwọn Fádà wọn láàyè láti máa gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Fádà tòótọ́ ni wọ́n, Míísà wọn sì múlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ní ipò tó bófin mu nínú Ìjọ. Ẹgbẹ́ kẹta ni àwọn tó ní kò sí Póòpù rárá láti ọjọ́ yìí wá. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rù. Ẹ ní kí ọmọ yín tẹ́tí nínú àdúrà ńlá: ṣé Fádà dárúkọ Póòpù Leo àti Bíṣọ́ọ̀bù yín? Bí kò bá dárúkọ wọn, kí ó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá dárúkọ wọn, kí ó tún béèrè bóyá Bíṣọ́ọ̀bù ló rán an wá.

Ọ̀nà tó wà nílẹ̀ kò pọ̀. Ní 2007, Benedict ní kí Fádà tó bá wù lè ṣe Míísà 1962, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ náà ti rí i, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní oṣù Keje 2021, Francis yí i padà: ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù ló kù sí, Fádà tí wọ́n bá fi jẹ lẹ́yìn ìgbà náà sì gbọ́dọ̀ tọrọ ààyè, Róòmù á sì gbọ́ sí i. Mo mọ àwọn èèyàn jẹ́jẹ́ tí òfin yẹn dùn, tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà rí, mo sì kẹ́dùn pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ìdí tí Francis sọ, pé àwọn kan ń fi Míísà àtijọ́ kọ Vatican Kejì sílẹ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ìjọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ọmọ yín ní ọdún Àjíǹde nìyẹn gan-an. Nítorí náà kí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí Bíṣọ́ọ̀bù, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bó bá jẹ́ ti 1962 ni wọ́n ń fẹ́. Bó bá jẹ́ Látìnì àti ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n ń wá, wọn kò nílò ìyọ̀ǹda ńlá: Fádà ìjọ yín lè fi Látìnì ṣe Míísà tuntun yìí, pẹ̀lú orin Gregory, bí wọ́n bá ti ṣètò rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Mo ti rí i tí ọ̀dọ́ bí ogún kóra jọ kọ́ orin náà, tí wọ́n sì di akọrin tó dára jù nínú ìjọ wọn.

Mi ò tíì rí ọmọ yín sójú, mi ò sì lè sọ ohun tó wà nínú ọkàn rẹ̀. Ó lè jẹ́ òùngbẹ Ọlọ́run, ó lè jẹ́ ìgbéraga ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé, àwọn méjèèjì sì máa ń gbé inú ẹnì kan náà lọ́jọ́ orí yẹn. Fádà tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ ló lè tọ́ ọ níbẹ̀. Ohun tí mo fura sí ni pé lẹ́yìn tó gba Kọnfamésọ̀n, kò sí ẹni tó tún kọ́ ọ ní nǹkan kan nípa Míísà. Fídíò ló rí. Ẹ bá mi bẹ bàbá rẹ̀: bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ fún un pé òbí rẹ̀ ti sọnù ló máa sá lọ, ẹ ó sì ti bá wọn fi ìdí ọ̀rọ̀ wọn múlẹ̀.

Ní ti pé kí ẹ bá a lọ: bí ẹ bá ti rí i dájú pé Bíṣọ́ọ̀bù mọ̀ sí i, ẹ lọ lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó ka fún yín gẹ́gẹ́ bíi Míísà ọjọ́ náà. Ẹ ní kó wá ìwé tó ní Látìnì lápá kan àti Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì, kí ó jókòó tì yín, kí ó máa fi ìka tọ́ka ibi tí wọ́n dé. Bí ẹ kò bá lè tẹ̀ lé e, ẹ mú Rosárì yín jáde, ẹnikẹ́ni kò ní bá yín wí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kí òun náà bá yín lọ sí ti Yorùbá. Kó kúnlẹ̀ gba Kọmúníọ̀n rẹ̀ sí ahọ́n bó bá wù ú, kó sì bá yín gbé iṣu lọ nígbà ọrẹ.